Ojú Ọ̀gá Lára Ìbọn

Bí ẹ bá ti rí ọkùnrin tó bẹ́rí fún àwòrán ara rẹ̀ nínú dígí rí, ẹ máa bá iṣẹ́ yín lọ, ẹ ti mọ ìdajì ohun tí mo fẹ́ sọ. Ẹ̀yin tí ẹ kò tíì rí irú rẹ̀, ẹ fa àga mọ́ra.

Ọ̀gá ọlọ́pàá ni ọkùnrin náà. Ṣekárími ni àwọn ọmọ abẹ́ rẹ̀ sọ ọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn rẹ̀ ni wọ́n ti ń pè é bẹ́ẹ̀, nítorí iṣẹ́ ò sí níta. Níwájú rẹ̀, ohun tí wọ́n ń pè é ni "Olùdarí Àgbà, Ògbóǹtarìgì Ètò Ààbò, Òòrùn Tí Ń Ràn Lórí Àwọn Ọlọ́pàá, Sà." Ẹni tí olè bá ká mọ́lé tó fẹ́ ké sí ọlọ́pàá gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ka gbogbo rẹ̀ tán lórí fóònù kí wọ́n tó bi í pé kí ló dé. Ọkùnrin kan kà á dé àárín, ó gbàgbé èyí tó kù; olè tó dúró tì í ló bá a parí rẹ̀.

Àyà ọ̀gá yìí gbòòrò, àmọ́ kò gbòòrò tó fún àwọn àmì-ẹ̀yẹ tó so mọ́ ọn. Òun fúnra rẹ̀ ló fi púpọ̀ nínú wọn dá ara rẹ̀ lọ́lá. Tó bá ń bọ̀ nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, ṣe ló ń dún woroworo bí ìdì kọ́kọ́rọ́, àwọn ọmọ abẹ́ rẹ̀ sì ń dúpẹ́, nítorí ẹni tó ń sùn lẹ́nu iṣẹ́ á ti jí kó tó dé.

Igbákejì rẹ̀ ńkọ́? Bẹ́ẹ̀ni-Sà ni wọ́n ń pe ìyẹn. Bí ọ̀gá bá húkọ́, Bẹ́ẹ̀ni-Sà á mi orí, á ní, "Ọ̀rọ̀ ìjìnlẹ̀ nìyẹn, sà." Bí ọ̀gá bá fẹ́ ṣe àwàdà, òun á ti rẹ́rìn-ín tán kí àwàdà tó dé. Nígbà mìíràn àwàdà kì í dé mọ́, ẹ̀rín náà kì í sì í ṣòfò.

Ẹnì kan ṣoṣo ló wà ní gbogbo àgọ́ náà tó lè wo ojú ọ̀gá láìṣẹ́jú. Obìnrin ni, Sájẹ́ǹtì tó ń bójú tó yàrá ìbọn. Ẹ̀gbọ́n ọ̀gá ni, ọmọ ìyá, ọmọ bàbá. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni ọ̀gá dàgbà sí. Òun ló ń nu imú fún un kí imú náà tó di ohun tí wọ́n ń gbé sókè báyìí. Níbi iṣẹ́, obìnrin yìí á bẹ́rí fún un, á ní, "Sà." Bí wọ́n bá délé, òun á di "ìwọ yìí," ọ̀gá á sì di ẹni tó ń sọ pé, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú." Nítorí náà, kì í fẹ́ kí iṣẹ́ àti ilé pàdé.

Ẹ má rò pé ẹni mímọ́ ni Sájẹ́ǹtì o. Ẹnu rẹ̀ mú bí abẹ, ó fẹ́ràn kí wọ́n máa pe òun ní ẹ̀gbọ́n ọ̀gá, yàrá ìbọn rẹ̀ sì ni yàrá kan ṣoṣo tí ẹ̀rọ amúlétutù rẹ̀ kì í bàjẹ́. Ó mọ iṣẹ́ rẹ̀, ó sì mọ̀ pé òun mọ̀ ọ́n. Ìfẹ̀yìntì rẹ̀ ti sún mọ́lé, ohun tó sì ń dùn ún ni pé yóò fẹ̀yìn tì láìdi ìsípẹ́kítọ̀.

Ní ọjọ́ kan, ìròyìn dé pé Mínísítà ń bọ̀ wá bẹ àgọ́ náà wò. Ọ̀gá pe ìpàdé. Ó dìde, ó na ìbọn ìléwọ́ kan sókè bí ẹni tó di eku mú nírù.

"Ẹ wo ìbọn yìí," ó ní. "Ó dúdú. Ó dákẹ́. Bí Mínísítà bá mú un, báwo ni yóò ṣe mọ̀ pé abẹ́ àkóso mi ló wà? Ìbọn tí kò mọ ọ̀gá rẹ̀, irin lásán ni!"

"Irin lásán gbáà ni, sà!" Bẹ́ẹ̀ni-Sà ló sọ bẹ́ẹ̀, omijé ti fẹ́ bọ́ lójú rẹ̀.

"Nítorí náà, mo pàṣẹ méjì. Èkíní, kí wọ́n ya ojú mi sára báàjì idẹ, kí wọ́n fi ìṣó wẹ́wẹ́ kan báàjì náà mọ́ magasíìnì, ilé ọta gbogbo ìbọn wa, níbi tó ti yọ síta. Èkejì, kí wọ́n fi fáníìṣì kun gbogbo ọta, kí ó máa dán. Àwọn ọ̀daràn pàápàá yẹ fún ohun tó dára."

Ojú àti fáníìṣì! Àwọn ìlú kan wà tí ọ̀gá wọn ń ronú nípa olè. Ẹ jẹ́ ká bá wọn kẹ́dùn.

Sájẹ́ǹtì dìde. "Sà, magasíìnì kì í ṣe àpótí aṣọ tí èèyàn lè kàn ní ìṣó bó ṣe wù ú. Nígbà tí ìbọn yìí bá yìn, orí rẹ̀ á sún sẹ́yìn fúnra rẹ̀, ìkọ́ kékeré kan á fa èèpo ọta tó ti jó jáde, á dà á nù. Sìpíríǹgì inú magasíìnì á ti ọta mìíràn sókè, orí ìbọn á sì gbé e wọlé bó ti ń padà síwájú. Bí ìṣó bá yọ sínú magasíìnì, ọta kò ní rí ọ̀nà gòkè. Bí fáníìṣì bá sì gbóná nínú ìbọn, ṣe ni yóò lẹ̀ bí àtè."

Ọ̀gá rẹ́rìn-ín músẹ́, irú ẹ̀rín tí èèyàn ń rín sí ọmọdé tó bi í pé ta ló dá Ọlọ́run.

"Sájẹ́ǹtì, ṣé ohun tí o ń sọ ni pé ojú mi lè dí nǹkan lọ́nà?"

"Ìṣó ni mo ní, sà."

"Ìṣó tó di ojú mi mú kì í ṣe ìṣó lásán mọ́."

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ ìsinmi, ọ̀gá wọ ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ láìwọ aṣọ iṣẹ́, ohùn rẹ̀ ti rọ̀ bí òwú. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ bá mi ṣe é. Bí Mínísítà bá lọ tán, ìsípẹ́kítọ̀ ni yín. Mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ fọwọ́ sí i."

Bí ẹnu bá jẹ, ojú á tì. Obìnrin tó mọ ohun tí ìṣó lè ṣe nínú magasíìnì ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ lu ihò, tó sì kan ojú àbúrò rẹ̀ mọ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ń fi fáìlì irin rẹ́ ẹnu àwọn ìṣó náà nínú, ó ń sọ fún ara rẹ̀ pé ó ti jọ̀lọ̀. Ó sì jọ̀lọ̀ lóòótọ́, lójú ẹni tó fẹ́ di ìsípẹ́kítọ̀.

Wàhálà bẹ̀rẹ̀ ní pápá ìdánrawò. Ọlọ́pàá kan yìnbọn, ó dún, èèpo ọta kò jáde. Ọta tó tẹ̀ lé e wá forí gbá èèpo náà nídìí, gbogbo rẹ̀ há. Ẹlòmíràn fa okùn ìbọn, irin kékeré tí ìka ń fà láti yìnbọn, ó gbọ́ "ká," kò gbọ́ nǹkan mìíràn, nítorí ọta kò gòkè. Sájẹ́ǹtì ní sìpíríǹgì ló ti rẹ̀. Ó pààrọ̀ sìpíríǹgì ìbọn bíi mélòó kan, wọ́n yìn díẹ̀, wọ́n tún há. Ó ní bóyá ìkọ́ ni. Ó fọ ìkọ́, ó pààrọ̀ òróró. Gbogbo ibi tí kì í ṣe iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀ ló wò, kò wo ibi ìṣó.

Ọ̀gá, ẹ̀wẹ̀, gbé ìgbìmọ̀ ìwádìí kalẹ̀, ó fi Bẹ́ẹ̀ni-Sà ṣe alága. Ìgbìmọ̀ náà jókòó, wọ́n mu tíì, wọ́n tún jókòó. Bẹ́ẹ̀ni-Sà wá jábọ̀ níwájú gbogbo èèyàn.

"Sà, a ti rí ìdí rẹ̀. Àwọn ìbọn kò ní àìsàn kankan. Àwọn tó ń yìn wọ́n ni kò bọ̀wọ̀ fún ojú tó wà lára wọn. Wọ́n kàn ń ki ojú ọ̀gá bọ inú ìbọn bí ẹni ń ki àgbàdo bọ àpò!"

Ọ̀gá di ojú, ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ lára. "Mo ti fura sí i," ó ní. Láti ọjọ́ náà, ó di òfin pé ọlọ́pàá gbọ́dọ̀ bẹ́rí fún magasíìnì kó tó kì í bọ ìbọn. Mo fẹ́ kí ẹ fi ojú inú wo olè àti ọlọ́pàá tí wọ́n kojú ara wọn, tí ọlọ́pàá ń sọ pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró díẹ̀, mo fẹ́ kí ọ̀gá mi."

Ẹ̀rín parí ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ní ilé ìfìwéránṣẹ́. Kọ́ńsítébù kan tí wọ́n ń pè ní Ọ̀pẹlẹ́ńgẹ́, nítorí ó ga, ó sì tín-ín-rín, ló ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà. Ọkùnrin kan wọlé pẹ̀lú àdá, ó gba àpò lọ́wọ́ ìyá arúgbó kan, ó sì gbé àdá sókè sí i nígbà tí ìyá náà kò fi àpò sílẹ̀. Ọ̀pẹlẹ́ńgẹ́ yìnbọn sókè lẹ́ẹ̀kan láti dẹ́rù bà á. Olè yíjú sí i. Ọ̀pẹlẹ́ńgẹ́ tún fa okùn ìbọn: kò dún. Ó fa orí ìbọn sẹ́yìn, ó há. Ó tún fà á. Olè ti dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Kò sá. Ó bọ́ sáàárín olè àti ìyá arúgbó náà, ó na apá sókè, apá náà ló gba àdá. Olè sá lọ. Ìyá arúgbó náà fi ìborùn rẹ̀ di apá náà, ó ń ké títí àwọn èèyàn fi dé.

Ẹ ó rò pé ọ̀gá sáré lọ sílé ìwòsàn. Ilé iṣẹ́ rédíò ló sáré lọ.

"Ìbọn tí ojú mi wà lára rẹ̀ kò lè kọ iṣẹ́," ó sọ lórí rédíò. "Ọwọ́ ojo ló kọ iṣẹ́. A óò lé kọ́ńsítébù náà kúrò níṣẹ́ níwájú Mínísítà, kí ó lè jẹ́ ẹ̀kọ́ fún gbogbo ojo."

Ìyàwó Ọ̀pẹlẹ́ńgẹ́ gbọ́ ọ nílé ìwòsàn, ó dìde, ó pa rédíò. Ó pẹ́ jù. Ọkọ rẹ̀ ti gbọ́.

Sájẹ́ǹtì dé síbẹ̀ ní ọ̀sán ọjọ́ kejì. Ọ̀pẹlẹ́ńgẹ́ kò bínú sí i. Ìyẹn gan-an ló dùn ún jù. "Màmá," ó ní, "mo fà á. Ẹ bá mi sọ fún wọn. Mo fà á títí, kò jáde."

Obìnrin náà padà sí yàrá ìbọn, ó ti ìlẹ̀kùn, ó pa ẹ̀rọ amúlétutù, ó gbé ìbọn Ọ̀pẹlẹ́ńgẹ́ sórí tábìlì. Èèpo ọta ṣì wà nínú rẹ̀. Ìkọ́ ti di etí èèpo náà mú, ó fà á títí etí fi já, èèpo kò kúrò. Ó fi ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ tì í láti ẹnu ìbọn títí ó fi jábọ́. Fáníìṣì ti yọ́ mọ́ ọn lára, ó dúdú bí ọ̀dà. Ó wá tú magasíìnì. Ìṣó méjì yọ orí sínú, wọ́n ti ha ara pẹpẹ kékeré tó ń gbé ọta gòkè títí ó fi há sáàárín ọ̀nà. Ó na ìka kan síbẹ̀, ìṣó fà á lára. Ó jókòó, ó ń wo ẹ̀jẹ̀ ìka rẹ̀. Kò sí ẹni tí òun lè di ẹ̀bi náà rù. Ọwọ́ rẹ̀ ló kàn án.

Ó gba ilé àbúrò rẹ̀ lọ. Ọ̀gá wà níwájú dígí, ó ń kọ́ bí yóò ṣe bọ Mínísítà lọ́wọ́.

"Ìwọ yìí," obìnrin náà ní, "ìwọ àti èmi la fẹ́ pa ọmọ ọlọ́mọ."

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ rọra. Àwọn ìránṣẹ́ wà nílé."

"Kí wọ́n gbọ́! Ojú rẹ ló há ìbọn. Èmi ni mo kàn án, mo sì mọ̀ pé kò dára. Kéde pé kí wọ́n kó gbogbo ìbọn padà, kí n yọ àwọn ìṣó náà. Kí o sì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ọmọ yẹn lórí rédíò tí o fi bú u."

"Ẹ jẹ́ kí Mínísítà lọ tán."

"Bí olè bá tún dé kí ó tó lọ ńkọ́?"

Ọ̀gá tún okùn ọrùn rẹ̀ ṣe. Ohùn ilé kúrò lẹ́nu rẹ̀, ohùn iṣẹ́ dé. "Sájẹ́ǹtì, ó ti rẹ̀ ọ́. Láti ọ̀la, o wà lẹ́nu ìsinmi. Fún igbákejì mi ní kọ́kọ́rọ́ yàrá ìbọn." Ó tún fi kún un pé, "Èmi fúnra mi ni yóò yin ìbọn náà níwájú Mínísítà. Gbogbo ayé á rí i pé ọwọ́ ló yàtọ̀ sí ọwọ́."

Ọjọ́ náà pé. Wọ́n ta àtíbàbà sí pápá, wọ́n to àga, wọ́n na okùn láti dá àwọn ará ìlú dúró. Mínísítà jókòó pẹ̀lú kóòtù funfun báláú. Ọ̀gá mú gbohùngbohùn, ó sọ̀rọ̀ nípa ìgboyà títí ọlọ́pàá kan fi dákú nínú oòrùn. Bẹ́ẹ̀ni-Sà ní ọ̀rọ̀ náà ló wọ̀ ọ́ lára.

Lẹ́yìn náà, ọ̀gá bọ́ sí iwájú àmì tí yóò yìnbọn sí. Ó gbé magasíìnì dání, ó bẹ́rí fún un. Ojú wo ojú. Ó kì í bọ ìbọn, ó na apá, ó yìn ín. Gbàù! Àtẹ́wọ́ sọ.

Ó tún fa okùn ìbọn. Kò dún.

"Ẹ wo ìkóra-ẹni-níjàánu!" Bẹ́ẹ̀ni-Sà kígbe. "Ó lè yìn ín, kò yìn ín!"

Ọ̀gá fa orí ìbọn, kò mì. Ó gbọn ìbọn létí bí ẹni fẹ́ mọ̀ bóyá omi wà nínú rẹ̀. Ó ní kí wọ́n fún òun ní òmíràn. Ìyẹn kò tilẹ̀ dún rárá. Ọta kò gòkè. Òmíràn dún lẹ́ẹ̀kan, ó há bíi ti àkọ́kọ́. Òógùn ń ṣàn lórí àwọn àmì-ẹ̀yẹ. Ẹnì kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn okùn, ẹ̀rín náà sì ràn.

Bí inú ṣe bí ọ̀gá nìyẹn. Ó yíjú padà pẹ̀lú ìbọn lọ́wọ́, ìka rẹ̀ lórí okùn ìbọn, ó na ẹnu ìbọn sí ibi tí àwọn èèyàn ńlá jókòó, ó ń kígbe pé, "Ta ló ba ìbọn mi jẹ́?"

Mínísítà wọ abẹ́ tábìlì. Àwọn tó jókòó tì í ṣubú lura. Bẹ́ẹ̀ni-Sà ti wà nílẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó débẹ̀. Láti ọjọ́ tí ọ̀gá ti gba iṣẹ́ ló ti ń fẹ́ kí gbogbo èèyàn dọ̀bálẹ̀ níwájú òun. Ó rí i gbà.

Ẹnì kan ṣoṣo ló dúró lẹ́sẹ̀, lẹ́yìn okùn. "Ìwọ yìí!" Sájẹ́ǹtì ké. "Da ẹnu ìbọn yẹn kọ ilẹ̀! Yọ ìka rẹ!"

Ìka yọ. Ẹnu ìbọn kọ ilẹ̀. Gbogbo àwọn tó wà nílẹ̀ gbọ́ ọ tí Òòrùn Tí Ń Ràn Lórí Àwọn Ọlọ́pàá fi ohùn wẹ́lẹ́ sọ pé, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú."

Obìnrin náà kọjá lábẹ́ okùn, ó gba ìbọn lọ́wọ́ rẹ̀, ó yọ magasíìnì, ó ti èèpo ọta jáde. Ó gbé gbogbo rẹ̀ lọ síwájú tábìlì, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí Mínísítà lè rí i láti ibi tó wà. "Sà, fáníìṣì ló lẹ èèpo mọ́ inú ìbọn. Ìṣó ló dá ọta dúró. Kọ́ńsítébù tí wọ́n ń pè ní ojo fa ìbọn rẹ̀ bí èyí, kò sì sá."

"Ta ló pàṣẹ ìṣó?" Mínísítà bi í láti abẹ́ tábìlì.

"Àbúrò mi ni."

"Ta ló kàn án?"

"Èmi ni."

Mínísítà jáde, ó kọjú sí Bẹ́ẹ̀ni-Sà. Ìyẹn gbọn eruku kúrò ní orúnkún. "Sà," ó ní, "ó pẹ́ tí mo ti ń kìlọ̀ fún wọn."

Wọ́n yọ ọ̀gá níṣẹ́. Àwọn kan ní nítorí àwọn ìbọn ni. Àwọn tó sún mọ́ Mínísítà ní nítorí kóòtù funfun ni. Wọ́n fagi lé ẹ̀sùn Ọ̀pẹlẹ́ńgẹ́. Wọ́n ní kí Sájẹ́ǹtì fẹ̀yìn tì bó ṣe wà, láìdi ìsípẹ́kítọ̀. Òun ló sì bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n jẹ́ kí òun kọ́kọ́ yọ gbogbo ìṣó tán, kí òun sì ha fáníìṣì kúrò nínú gbogbo ìbọn. Wọ́n gbà fún un. Bẹ́ẹ̀ni-Sà di adelé ọ̀gá. Ẹ má bi mí bóyá ó ti ń wá ẹni tó lè ya àwòrán.

Ọ̀gá àná wá mú ọ̀nà ilé ìwòsàn pọ̀n ní òwúrọ̀ kan. Ó ti kọ́ ọ̀rọ̀ sórí, ọ̀rọ̀ àforíjì tó gùn, tó ní ìbẹ̀rẹ̀, àárín àti orí mìíràn tó dá lórí ìgbé-ayé òun fúnra rẹ̀. Ṣẹ́ẹ̀tì lásán ló wọ̀. Ìyàwó Ọ̀pẹlẹ́ńgẹ́ ń pààrọ̀ báńdéèjì, kò sì dá a mọ̀. Ó rò pé ọ̀kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ ni.

"Ẹ ṣeun tí ẹ wọlé, sà. Ẹ bá mi di apá yìí mú. Ẹ rọra o, ó ń dùn ún."

Ọ̀gá àná yanu láti bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ó rí apá náà láìní báńdéèjì, ibi tí wọ́n ti rán an láti ọrùn ọwọ́ dé ìgúnpá. Ó di apá náà mú.

Ọ̀pẹlẹ́ńgẹ́ la ojú, ó wò ó fún ìgbà díẹ̀. Ó dá a mọ̀.

"Ta ló ń gbé ìbọn mi báyìí?" ó bi í.

"Kọ́ńsítébù mìíràn."

"Ṣé ó ti dára?"

"Ó ti dára."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Ẹ̀gbọ́n mi ni."

"Kò burú," Ọ̀pẹlẹ́ńgẹ́ ní, ó sì di ojú.

Ìyàwó rẹ̀ jáde lọ wá báńdéèjì tuntun, ó sì pẹ́ díẹ̀. Apá ọ̀gá àná ti ń kú tipiri, ẹ̀yìn ti ń ro ó, àga sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó dúró bẹ́ẹ̀, kò mì, kí ọmọ náà má bàa jí.